Àdúrà Ìrọ̀lẹ́ Nínú Odi Otumanu

Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n sun abúlé wa. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ yé ẹni tó bá ń gbọ́ mi, nítorí àwọn òyìnbó tó ń ròyìn ogun náà kì í dárúkọ ọjọ́. Wọ́n á ní, "ní oṣù kejì ọdún 1864." Wọn kì í sọ pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti dún lẹ́ẹ̀kan, pé àwọn ìyá arúgbó ti wọ aṣọ funfun wọn, pé ìyá mi ń fi omi tẹ́ irun orí rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin yọ lẹ́yìn oko àlìkámà. Ìyá mi sá wọ ilé koríko Bàbá Hoani pẹ̀lú àwọn mẹ́fà mìíràn. Àwọn ọmọ ogun Ọbabìnrin òyìnbó, tó ń bá wa du ilẹ̀ wa, tiná bọ òrùlé. Ọkùnrin tó jáde tó nawọ́ méjèèjì sókè, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti yìnbọn pa á. Ìyá mi kò jáde.

Èmi Ripeka kò sí nílé. Mo wà ní ibùdó àwọn ọkùnrin wa, mo ń dáná fún wọn. Èéfín la rí.

Kí ló dé tí kò sí jagunjagun kankan ní abúlé náà? Harihana ni. Ọdún méjìlélógún ni àlùfáà òyìnbó yìí fi gbé láàárín wa. Òun ló rì mí bọmi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, tó sọ mí ní Ripeka. Òun ló kọ́ ẹ̀gbọ́n mi Nikorima ní ìwé, títí Nikorima fi di olùkọ́ ìjọ wa. Nígbà tí ogun ń sún mọ́ tòsí, òun náà ló ní kí a kó àwọn arúgbó àti àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ jọ sí abúlé yẹn, pé òun ti bá ọ̀gágun sọ ọ́, ọ̀gágun sì ti gbà pé ibẹ̀ kò ní di ojú ogun. A gbà á gbọ́. Ta la tún fẹ́ gbà gbọ́? Lẹ́yìn iná náà la gbọ́ pé ó wà lórí ẹṣin láàárín àwọn ọmọ ogun lọ́jọ́ yẹn, ó ń gbàdúrà fún wọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa ẹnu mi dé. N kò gbàdúrà mọ́, n kò kọrin mọ́. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ korò lẹ́nu mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ la lọ mọ odi sí Otumanu. Hohaia Te Ahiroa, olórí ogun wa, kó gbogbo wa jọ sábẹ́ àwọn igi eléso píìṣì tó wà níbẹ̀, ó ní kí olúkúlùkù sọ tẹnu rẹ̀. Hohaia ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilà ojú rẹ̀ jìn bíi poro oko.

Nikorima ló kọ́kọ́ dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí yìí. Kò sí omi. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún lodò wà. Tí wọ́n bá yí wa ká, òùngbẹ ló máa pa wá kí ọta ìbọn tó dé."

Hohaia rẹ́rìn-ín. "Òótọ́ lo sọ. Ibi burúkú ni. Ṣùgbọ́n tí mo bá wẹ̀yìn, oko tó kù fún wa nìyẹn. Tí a bá tún sá kọjá ibí, orí òkè ló kù, èmi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbin àlìkámà sórí àpáta."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó fi igi ọ̀kọ̀ rẹ̀ gún ilẹ̀.

"Mo ti sá ní ẹ̀ẹ̀mẹta láti ọdún tó kọjá. Ẹsẹ̀ mi ti kọ̀. Mo fi egungun bàbá mi búra, ibi tí mo dúró sí yìí, òkú mi ni wọ́n máa gbé kúrò níbẹ̀!"

Àwọn obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Te Ahiroa! Iná tó jó tí kò kú! Àwòdì tó bà lórí òkè, tí gbogbo ẹyẹ wábi sá sí! Ọmọ àwọn tó fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n gba ojú òkun wá!" Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tún fẹ́ sọ̀rọ̀ omi?

A kò tíì mọ odi náà tán tí wọ́n fi dé. Àwa tó igba èèyàn ó lé díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta wa sì jẹ́ obìnrin. Àwọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan, pẹ̀lú àgbá ńláńlá. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sáré bọ̀ wá, ẹ̀ẹ̀mẹta la lé wọn padà. Wọ́n rí i pé eré kò ní ṣe é, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ yàrà bọ̀ lọ́dọ̀ wa bí òkété. Tọ̀sán-tòru la ń gbọ́ ṣọ́bìrì wọn. Omi wa tán kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dùnkún tútù là ń jẹ, a sì ń pín elégédé bí oògùn, ègé kan lẹ́nu kan. Ọta tán. A gé igi píìṣì, a gbẹ́ ẹ ní ọta, a rọ ọ́ sẹ́nu ìbọn. Lọ́jọ́ náà ni àfọ́kù irin àgbá fọ́ itan Nikorima.

Síbẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó ń gbàdúrà fún wa. Ìwé àdúrà rẹ̀ ti jóná mọ́ abúlé, orí ló ti ń kà á. Àwọn èèyàn ń dá a lóhùn pẹ̀lú ètè gbígbẹ. Èmi nìkan ni mo jókòó bí igi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn, ó pè mí. Ó dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ti mú gan.

"Ripeka, mi ò gbọ́ ohùn ẹ."

"Mi ò gbàdúrà ni."

"Mo mọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo kàn ń wò ẹ́ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi o. Àdúrà tí ẹ ń gbà yẹn, ta ló kọ́ yín? Harihana! Àwọn tó wà lóde yẹn, àdúrà kan náà ni wọ́n ń gbà láàárọ̀ kí wọ́n tó máa yìnbọn. Ọlọ́run wo ló fẹ́ gbọ́ tiyín tí ò ní gbọ́ tiwọn?"

Mo rò pé yóò fi ọ̀rọ̀ tútù rẹ̀ mí lẹ́kún bó ti máa ń ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbá ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná bí ààrò.

"Ṣé o rò pé inú ò bí mi? Èmi ni mo lọ sọ fún Màmá pé kí wọ́n dúró. Èmi! Wọ́n ti di ẹrù wọn, wọ́n fẹ́ tẹ̀lé wa. Mo ní, 'Màmá, ẹ jókòó yín, Harihana ti bá wọn sọ ọ́.' Wọ́n tú ẹrù, wọ́n jókòó. Ìbínú tèmi, tí mo bá tú u sílẹ̀, odi yìí ò lè gbà á."

"Kí lẹ wá ń gbàdúrà fún?"

"Tí òkú ò bá ní jíǹde, a jẹ́ pé àwọn sójà ti parí ọ̀rọ̀ Màmá nìyẹn. Wọ́n tiná bọ òrùlé, ó tán, ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n mọ́ láéláé. Èmi ò gbà! Ripeka, mo ní mi ò gbà! Ìyá mi kì í ṣe koríko. Ọlọ́run ní òun máa gbé wọn dìde. Mo ti di ìlérí yẹn mú lọ́rùn, mi ò ní jọ̀wọ́ ẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní ìrètí nìyẹn. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé nǹkan pẹ̀lẹ́ ni, kò tíì nílò ẹ̀ rí."

Ìyá Harata, ìyàwó Bàbá Hoani tó kú nínú ilé tó jóná yẹn, dùbúlẹ̀ nítòsí wa; ibùdó lòun náà wà lọ́jọ́ iná. Ó yíra padà.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ n sùn. Ẹni tó bá fẹ́ bá Ọlọ́run jà, kó rọra máa jà á."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ìbọn dákẹ́. Ẹnì kan gbé àsíá funfun jáde láti inú yàrà wọn, ó ń dá nìkan bọ̀. Fìlà dúdú tó máa ń dé ni mo fi dá a mọ̀. Harihana ni.

Nikorima ní kí wọ́n gbé òun gun orí ògiri. Ọkùnrin méjì fi kúbùsù gbé e. Èmi náà gun un, tèmi ti ìbọn mi.

Harihana dúró létí kòtò. Èdè wa dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀ bí ọmọ bíbí ilẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní.

"Ọmọ ta?" Ìyá Harata dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀. "Ọjọ́ wo lo rọbí wọn?"

Ó gbé e mì. "Ọ̀gágun ní kí n sọ fún yín pé ẹ ti jà bí akọni. Ó tó. Ẹ jáde wá, ẹ̀mí yín ò ní bọ́. Tí ẹ̀yin ọkùnrin ò bá gbà, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin jáde."

"Kí a jáde lọ síbo?" Ohùn mi ni mo gbọ́. "Sí ilé Hoani?"

Ó wòkè, ó rí mi. "Ripeka..."

"Ẹ má pè mí! Ẹ̀yin lẹ fún mi lórúkọ yẹn, ẹ gbà á padà tí ẹ bá fẹ́!"

Mo ti na ìbọn sí àyà rẹ̀. Ọta igi ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó dúró sí kò jìnnà, igi náà á wọlé.

"Gbé ìbọn yẹn sílẹ̀," Nikorima ní.

"Rárá."

"Àsíá funfun ló gbé. Tí àwọn bá jẹ ọ̀rọ̀ tiwọn bí ẹni jẹ ẹ̀kọ, àwa ò ní jẹ tiwa. Gbé e sílẹ̀, àbúrò mi."

Mo gbé e sílẹ̀. Nikorima yíjú sí òyìnbó náà.

"Olùkọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Ọjọ́ Ìsinmi yẹn, nígbà tí ẹ rí iná, kí lẹ ṣe?"

Harihana dáhùn pé, "Mo kígbe sí wọn. Wọn ò dá mi lóhùn."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Lẹ́yìn náà... sójà mélòó kan kú. Mo sin wọ́n."

"Tiwa ńkọ́?"

Harihana tẹrí ba.

"Ó dáa," Nikorima ní. "A ní òkú mẹ́rìnlá níbí. A ní àwọn tó fara gbọgbẹ́ tó ń ké omi, omi. Ẹ gbé omi wá, kí ẹ wọlé wá bá mi sin àwọn òkú yìí. Ẹ̀yin nìkan. Mo fi Ọlọ́run tí ẹ fi hàn mí búra, irun orí yín kan ò ní já sílẹ̀."

Harihana wẹ̀yìn wo àwọn ọmọ ogun tó tò síbẹ̀. "Ọ̀gágun ò ní gbà kí omi wọlé."

"Mi ò bi ọ̀gágun. Ẹ̀yin ni mò ń bi."

Ọkùnrin náà dúró. Mo rí omijé tó ń ṣàn wọ inú irùngbọ̀n rẹ̀, n kò sì káàánú rẹ̀ rárá. Ó ní, "Mi ò lè ṣe é."

"Ẹ máa lọ nígbà náà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń kú. Ẹ jókòó sọ́hùn-ún yẹn, kí ẹ wò ó bóyá ẹ kọ́ wa dáadáa."

Hohaia kò tilẹ̀ dìde. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀, ó ń họ eyín rẹ̀ pẹ̀lú igi. "Sọ fún ọ̀gá ẹ," ó pariwo, "pé Te Ahiroa ní ọ̀dùnkún tútù ò tíì sú òun!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọn tún bẹ̀rẹ̀, ó pè wá sí ìpàdé nínú yàrà, kò sì ṣàwàdà mọ́. Òkété òyìnbó ti gbẹ́lẹ̀ dé ibi tí a lè sọ òkò bá. Ẹ̀tù tó kù kò ju ìyìn ẹ̀ẹ̀kan fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́ lọ́la, wọ́n á ti wà láàárín wa.

"Mo ti búra," Hohaia ní. "Gbogbo yín lẹ gbọ́ ọ."

"Ẹ̀yin lẹ búra fún ara yín, Bàbá," Nikorima ní. "Ẹ ò búra fún àwọn obìnrin yìí."

Àgbàlagbà náà wolẹ̀ títí. Mo ti rí i tó yìnbọn, mo ti rí i tó gba ọta lára, ṣùgbọ́n n kò rí ojú rẹ̀ tó rí báyìí rí. Ó wá mí kanlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí egungun bàbá mi bínú sí mi. Kò ní pẹ́ tí màá fi débẹ̀, màá ṣàlàyé fún un fúnra mi. Ọ̀nà wo la máa gbà?"

Ìhà ìlà-oòrùn ni irà wà. Àwọn ọmọ ogun kò pọ̀ níbẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó lè gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí igba èèyàn ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ilẹ̀ gbalasa kí ojú tó rí wọn, ìyẹn ni kò sẹ́ni tó mọ̀.

Nikorima béèrè pé, "Kí ni wọ́n máa ń ṣe tí a bá ń gbàdúrà?"

Ìyá Harata ló dáhùn. "Wọ́n á gbé ìbọn sílẹ̀, wọ́n á gbé omi tíì kaná. Mo máa ń rí èéfín wọn. Wọ́n mọ̀ pé a kì í yìnbọn nínú àdúrà."

"Ẹ̀yin tó lè rìn, ẹ lọ nínú àdúrà ìrọ̀lẹ́. Àwa tí a ò lè rìn, mẹ́sàn-án ni wá. A máa gbà á sókè bí ẹni pé gbogbo ìlú ló wà níbí."

"Ohùn obìnrin ńkọ́?" Ìyá Harata ní. "Ṣé òyìnbó ò ní mọ̀ pé ọkùnrin nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ni? Orúnkún mi ò lè la irà kọjá. Èmi á dúró ṣe ohùn obìnrin. Ohùn mi tó ti ogún obìnrin. Tí Hoani bá jíǹde, ẹ bi í."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi èmi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fẹ́ fi àdúrà dẹ pańpẹ́!"

"Èmi ò dẹ nǹkan kan. Àdúrà ni mo fẹ́ gbà, màá sì gbà á tọkàntọkàn. Tí wọ́n bá wá fẹ́ mu tíì, tiwọn nìyẹn."

"Èmi náà á dúró."

"O ò ní dúró." Ó fà mí sún mọ́ra. "Gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orí èmi àti orí ìwọ nìkan ló kù tó ti pé. Àwọn kan máa ṣubú lójú ọ̀nà. Ta ló máa sin wọ́n? Ṣé bí ajá ni wọ́n máa sùn síbẹ̀?"

"Mi ò lè sọ ọ́. Kò ní jáde lẹ́nu mi."

"Sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ta ló sọ fún ẹ pé Ọlọ́run kì í gbọ́ ohùn ẹni tínú ń bí?"

A fi imú kan imú, iwájú orí kan iwájú orí, bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa, a mí èémí kan náà. N kò sunkún. Mo bínú sí i pé ó ń kú.

Oòrùn ṣì wà lókè díẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ há, ó wá là. Àwọn mẹ́jọ dá a lóhùn. Ìyá Harata ké sókè bí ẹni ń pe ọkọ̀ lójú omi. Èéfín tíì rú níhà ti wọn. Hohaia juwọ́, a sì jáde láti ẹnu odi níhà ìlà-oòrùn, gbogbo wa papọ̀, àwọn obìnrin láàárín. A kò sáré. Ó ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá sáré, òun fúnra òun lòun máa pa á. À ń rìn bí ẹni ń lọ sóko, àdúrà ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, gbogbo ìlà rẹ̀ ni mo mọ̀ kó tó jáde.

A ti rìn ju ìdajì lọ nígbà tí sójà kan gbójú sókè, kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kékeré ni. Ó lanu. Kọ́ọ̀bù bọ́. Hohaia pariwo, "Ó yá!" a sì sáré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò gùn. Àwọn ẹlẹ́ṣin gba ẹ̀bá irà yí po láti dínà. Hohaia àti ọkùnrin mẹ́wàá dúró sí ibi tó há, wọ́n yin ìyìn kan tó kù, wọ́n fi ìdí ìbọn àti àáké ja èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹṣin kò lè wọ ẹrẹ̀. Mo rí Teretia ọ̀rẹ́ mi tó wó lulẹ̀ níwájú mi, mo fò ó kọjá. Mo fò ó kọjá, Ọlọ́run mọ̀. Nínú irà, ẹrẹ̀ dé mi láyà, mo ṣì ń gbọ́ wọn lókè lọ́hùn-ún. Wọ́n ti dé ibi tí wọ́n ń jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Ìbọn bú. Ohùn mẹ́ta kù. Ìbọn tún bú. Ohùn kan kù, ti ọkùnrin. Ó ń bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ẹyẹ omi nìkan ni mo gbọ́.

Àwa tó kéré sí ọgọ́fà la dé òdìkejì odò. Wọ́n gbé Hohaia sọdá, ọta wà níkùn rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko. Ó ní kí wọ́n yí orí òun sí ìhà Otumanu. "Bàbá mi ti ń dúró," ó ní. "Ó máa bá mi wí gan-an." Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

A fi ọwọ́ àti ìdí ìbọn gbẹ́ ilẹ̀. Kò jìn. Nígbà tí a sọ ọ́ kalẹ̀, gbogbo ojú yí sí mi. Lákòókò náà gan-an ni àwọn ẹlẹ́ṣin yọ létí odò lódìkejì. Ọkùnrin kan ní, "Ẹ jẹ́ ká dà á bò ká máa lọ! Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, kò dìgbà tí a bá kà á!"

N kò mọ ohun tó dì mí mú níbẹ̀. Bóyá Teretia ni. Mo dúró lórí ibojì náà, mo kọjú sí àwọn ẹlẹ́ṣin, mo lanu. Ohùn kò kọ́kọ́ jáde. Nígbà tó wá jáde, igbe ni. Mo ké e sí wọn lójú bí ẹni ń bá aládùúgbò jà: pé ikú kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀, pé ẹni tí a gbìn sílẹ̀ yìí yóò hù, pé ilẹ̀ yóò dá a padà, òun àti ìyá mi, òun àti Teretia, òun àti àwọn mẹ́rìnlá tó wà nínú odi. Wọ́n yìnbọn. Ọta kan wọ ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"Rọra, Ripeka! Wọ́n ń gbọ́!" ẹnì kan ní.

"Kí wọ́n gbọ́!"

N kò fo ọ̀rọ̀ kan. Mo kà á dé Àmín, àwọn èèyàn tó dojú bolẹ̀ sínú koríko sì dá mi lóhùn. Ìbínú náà kò lọ. Ó kàn rí ọ̀nà gbà ni. A kó ẹsẹ̀ nílẹ̀, a gba ọ̀nà gúúsù lọ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ìyá Harata dé bá wa. Wọ́n ti dá a sílẹ̀, apá òsì rẹ̀ ti lọ, ó sì ti gbẹ bí ẹja èéfín. A fún un lóúnjẹ. Nígbà tó jẹun tán, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ní kó sọ fún mi.

"Ọ̀gá wọn kan ló kọ́kọ́ gun ògiri," ó ní. "Ó ṣí fìlà. Ó rò pé gbogbo ìlú ló ń gbàdúrà. Ìgbà tó rí i pé èèyàn mẹ́wàá ni wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò dá a lóhùn. Ó ń bá tiẹ̀ lọ. Ó ń sọ̀rọ̀ àjíǹde lọ́wọ́ tí wọ́n fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn gún un."

Mo ní kó máa bá a lọ.

"Harihana dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́lẹ̀ fún un, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó gbẹ́ ẹ jìn. Ó ṣí ìwé ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ò ṣí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ń ṣí ìwé náà fún un. Mo ní kó yẹ̀ fún mi. Mo sọ èyí tí mo rántí. Mo rò pé mo da ti ìgbéyàwó mọ́ ọn níbì kan, Ọlọ́run á tún un tò."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí bí ọgbẹ́.

"Ìgbà tí mo parí, ó ń sunkún. Ó bi mí pé, 'Ìyá, ṣé ẹ rò pé Nikorima máa dárí jì mí?'"

"Kí lẹ sọ fún un?"

Ìyá Harata fi ọwọ́ kan tó kù nu ẹnu rẹ̀.

"Mo ní èmi kọ́ ni wọ́n ń rán sí i. Mo ní, 'Ó ń dìde bọ̀. Dúró dè é, kí o bi í fúnra ẹ.'"